Àtẹ̀gùn ilé wa ti wọlẹ̀ tán: kí ni ẹ ń rí ní etí ọ̀sà àdúgbò tiyín?

Ọmọ Ìlàjẹ Bàrígà (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀):

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo ilé. Etí ọ̀sà ní apá Ìlàjẹ ní Bàrígà, ní Èkó, ni wọ́n bí mi sí, inú ilé tí bàbá mi kọ́ síbẹ̀ ni mo sì ń gbé títí di òní. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi àbíkẹ́yìn bi mí pé kí ló dé tí àwa máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti ojú títì kí a tó wọ ilé, nígbà tí ó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń gun àtẹ̀gùn wọ ilé ìyá rẹ̀ àgbà ní Ṣómólú. Ìbéèrè náà wọ̀ mí ní akínyẹmí ara, nítorí pé nígbà tí èmi náà wà ní irú ọjọ́ orí rẹ̀, àtẹ̀gùn márùn-ún ni mo máa ń gùn kí n tó dé ẹnu ọ̀nà yìí kan náà. Bàbá mi ló dìídì gbé ilé náà sókè bẹ́ẹ̀ nítorí omi. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí àwa aládùúgbò bá dáwó jọ láti ra yanrìn sí ojú títì tí omi ti bàjẹ́, títì a máa ga sí i, ilé a sì dúró sí ibi tó wà. Bí àtẹ̀gùn ṣe ń wọlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn títí tí karùn-ún wọn fi tán, tí ó sì di pé ìgbésẹ̀ kan ni a ń gbé sísàlẹ̀ báyìí.

Mo ṣì ń rí ọ̀sà láti ojú fèrèsé òkè, ṣùgbọ́n kì í ṣe iwájú ilé wa ni ó wà mọ́. Òpópónà méjì ló ti wà láàárín wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọkọ̀ ayanrìn ti máa ń jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́, pẹ̀lú ìgbòkun tí wọ́n fi àpò ìrẹsì àti tapólì rán pọ̀. Bí wọ́n bá dé ibi tí yanrìn wà, wọn a ri àkàbà igi mọ́lẹ̀ nínú omi, ọ̀kan nínú wọn a di àkàbà mú, a mí kanlẹ̀, a sì wọ ìsàlẹ̀ lọ pẹ̀lú garawa. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló máa gba garawa náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá yọ orí síta. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é títí ọkọ̀ yóò fi kún tí etí rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti kékeré. Etí rẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́rọ̀ mọ́, apá òsì ni a máa ń lọ bí a bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

Ìdí tí mo fi pe ìjíròrò yìí ni pé ọ̀pọ̀ nǹkan tí a ń rí lójoojúmọ́ ní etí omi ń yí padà lójú wa, kò sì sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá sọ fún ọmọ mi pé ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì ìpè yẹn ni àwa ti máa ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, ojú ni ó kàn ń wò mí. Ẹ jọ̀wọ́, kí olúkúlùkù sọ ohun tí ó ń rí ní etí omi tirẹ̀, àti ibi tí omi dé nígbà kan rí.

Ìyá Ẹlẹ́ja Òkóbàbá:

Ọmọ mi, o ṣeun tí o dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ebúté Mẹ́ta ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi, ní ẹ̀gbẹ́ àwọn onígẹdú ní Òkóbàbá. Ohun tí ojú mi mọ̀ jù ní etí omi wa ni igi. Wọn a so gẹdú pọ̀ bí ẹní láti àwọn igbó tó wà ní apá Oǹdó àti Ògùn, ọkọ̀ kékeré kan tó ní ẹ́ńjìnnì a sì máa fà á bọ̀ lórí omi díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń darí rẹ̀ ń gbé orí igi náà ni. Wọn a pàgọ́ kékeré sórí rẹ̀, wọn a dáná, wọn a sá aṣọ. Nígbà tí mo wà ní ọmọge, bí a bá rí èéfín oúnjẹ wọn lókèèrè, a ti mọ̀ pé iṣẹ́ ń bọ̀ fún àwọn ará sọ́míìlì àti títà fún àwa tí ń ta oúnjẹ àti ẹja.

Ìyẹ̀fun pákó tó ń jáde láti ibi ayùn ni wọ́n máa ń kó dà sí etí omi, òun náà ni iná máa ń jó lábẹ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ní àwọn ọdún yẹn, ẹni tó bá gba orí Afárá Third Mainland kọjá ní àárọ̀ a máa rí èéfín náà. Èéfín yẹn ti ba ojú mi jẹ́ díẹ̀, n kò ní purọ́ pé mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ìtàn àdúgbò wa kí n yọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti ẹja tí mo ń yan, ìyẹn gan-an ni ìyípadà tó dùn mí jù. Ọ̀bọ̀kún, ẹ̀pìyà, akàn àti edé ni mo kọ́ṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá mi, ojú omi ni a sì ti ń dúró dè wọ́n. Báyìí, bí mo bá kó agbọ̀n mẹ́wàá sórí ààrò, pánlá àti ṣawá tí mo rà ní kóòdù-rúùmù ló máa wà nínú mẹ́jọ níbẹ̀. Ẹja tó ti òkè òkun wọ ọkọ̀ wá ni mo ń yan sí etí ọ̀sà. Àwọn apẹja wa ní láti tukọ̀ jìnnà gidigidi kí wọ́n tó ju àwọ̀n, nítorí pé ẹ̀rọ ńlá tí ń fa yanrìn ti gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi níbi tí ẹja ti máa ń yé sí.

Ayálégbé Ọwọ́róǹṣókí:

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé etí omi ni, ọdún kejì mi nìyí. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, omi máa ń mọ́, ó sì máa ń ní iyọ̀ díẹ̀ lẹ́nu. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ púpọ̀, a di pupa bí ẹrẹ̀, ewé tútù olódòdó àlùkò a sì bo ojú rẹ̀ títí ọkọ̀ kò fi ní lè kọjá. Tó bá tún di inú ọyẹ́, ewé náà a kú, a rà, a sì rùn. Kí ló ń fà á? Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnìkan ló ń da nǹkan sínú omi ni.

Tíṣà Àgbà, Ìkòròdú:

Ìbéèrè tó dára ni èyí, ọmọ mi, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀. Ọ̀sà Èkó kì í ṣe odò lásán, kì í sì í ṣe òkun. Odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun ń gbé omi aládùn wọ inú rẹ̀ láti òkè, òkun sì ń gba ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ńláńlá ń gbà wọ èbúté ti omi iyọ̀ wọlé. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yìí ni ọ̀sà ní sí òkun ní Èkó. Nígbà òjò, omi odò pọ̀, ó ń ti iyọ̀ jáde, ó sì ń kó erùpẹ̀ pupa láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wá. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, odò rẹlẹ̀, iyọ̀ a sì tún wọlé padà. Ewé tí o rí yẹn kò lè fara da iyọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń kú lọ́dọọdún tó sì tún ń padà wá pẹ̀lú omi odò.

Ewé náà kì í ṣe ojú oró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà tí àwọn baba wa fi ń ṣe ìwúre. Àjèjì ni, òun ni òyìnbó ń pè ní water hyacinth. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ó ti ṣẹ̀, ní 1984 ni a sì kọ́kọ́ rí i ní omi Èkó níhìn-ín, láti apá Bàdágìrì tó bá Pọ̀tọ̀nóòfò pààlà. Mo rántí pé inú àwọn èèyàn kọ́kọ́ dùn sí òdòdó rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń já a lọ sílé láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́, láìpẹ́ ọjọ́ ni ó di ohun tí àwọn apẹja ń fi àdá gé kí wọ́n tó lè gba ẹnu ebúté wọn jáde.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìsàlẹ̀, nítorí pé mo ti rí i tí ó kó ìdààmú bá àwọn aládùúgbò mi. Omi lè kún bá yín nígbà tí òjò kò rọ̀ ní Èkó rárá. Ìdídò omi Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983 ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ń dá omi odò Ọ̀yán dúró kí ó tó wọ odò Ògùn. Bí omi ibẹ̀ bá pọ̀ jù, wọn a ṣí i sílẹ̀, omi náà a sì sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìṣẹrí, Òwodé Onírin àti Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Ní oṣù kẹwàá 2010, ọ̀pọ̀ ìdílé ló fi ilé sílẹ̀ ní agbègbè yẹn nítorí omi tó ti òkè wá. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni mo fi lọ wo ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nígbà náà, láàárín títì tí mo ti máa ń wọ bọ́ọ̀sì.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà Àgbà. Èmi yóò sọ ti Marina, nítorí pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé bí ó ti wà nìyẹn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Títì Marina tí a ń wò yìí ni etí omi gan-an tẹ́lẹ̀. Àwọn ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó kọjú sí i, omi ni wọ́n kọjú sí. Bàbá bàbá mi a máa sọ pé àwọn a jókòó lábẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́ láti gba atẹ́gùn, àwọn a sì máa wo ọkọ̀ òkun bó ṣe ń wọlé. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀, wọ́n kó yanrìn dà sínú ọ̀sà, wọ́n sì la ọ̀nà ńlá tó yí erékùṣù ká. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti wà láàárín Marina àti omi rẹ̀. Nísinsìnyí, ojú irin aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án 2023 náà ti gba orí omi kọjá wá sí ibẹ̀. Mo ti wọ̀ ọ́. Inú mi dùn nígbà tí ọkọ̀ náà gun afárá tí mo sì tún rí omi yẹn gbòòrò níwájú mi, nítorí pé ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti rí Marina láti ojú omi.

Omi kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ó wà rí. Láàárín erékùṣù Èkó àti Ìkòyí, odò àgbẹ́lọ́wọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní MacGregor, ní orúkọ gómìnà òyìnbó tó jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Wọ́n ti dí i pátápátá. Ẹni tó bá ń rìn láti Ọbáléndé lọ sí Èkó lónìí kò mọ ìgbà tí òun kúrò ní erékùṣù kan bọ́ sí èkejì.

Káfíńtà Mákòko:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ gbogbo yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹ ń dá ẹni tó ń dí omi lẹ́bi láì wo ìdí tó fi ń dí i. Ìdílé wa wà lára àwọn tí ìjọba lé kúrò ní Máròkó, àdúgbò etí omi kan ní Èkó, ní oṣù keje 1990. A kò ní ọ̀nà púpọ̀ nígbà náà. Etí omi ni ibi tí owó wa ká. Àwọn òbí mi fi ọwọ́ ara wọn ṣe ilẹ̀ tí a ń gbé lé ni. Ẹ ó da pàǹtírí sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ó da ìyẹ̀fun pákó lé e, lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá fi yanrìn bò ó. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́, bí ẹnìkan bá ń gún iyán nínú yàrá, ilẹ̀ a máa mì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó wà nínú yàrá kejì. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé èmi ni wọ́n máa ń rán láti lọ wo òpó ilé bóyá ó ti yẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó sọ pé àwọn tó ń dí omi ló bà á jẹ́, kí a bi ara wa pé níbo ni kí wọ́n gbé. Ẹni tó ní owó dí omi, ó kọ́ ilé aláràbarà sí i, wọ́n ń pè é ní ìdàgbàsókè. Èmi dí ìwọ̀n yàrá mẹ́rin, wọ́n ń pè mí ní ẹni tó ń dí ojú omi. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, mo sì fẹ́ kí ó wà nínú ohun tí a ń kọ sílẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ Bàrígà:

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, ẹ máà bínú. Òótọ́ lẹ sọ, ilé tí èmi náà ń gbé, orí àbàtà tí wọ́n dí ni bàbá mi kọ́ ọ sí, n kò sì lè sọ pé kò yẹ kí ó kọ́ ọ. Ohun tí ń jẹ mí lọ́kàn ni ọ̀nà tí omi ń gbà jáde. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń dí ilẹ̀, wọ́n máa ń fi ojú ọ̀nà omi sílẹ̀ láàárín ilé sí ilé, ọkọ̀ kékeré sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn kan tó ra ilẹ̀ ní iwájú wa mọ ògiri láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, wọn kò fi ihò kankan sílẹ̀. Ní òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn, omi tó yẹ kó ṣàn lọ sí ọ̀sà dúró sí inú pálọ̀ wa fún ọjọ́ mẹ́ta. A lọ bẹ̀ wọ́n, àwọn àgbààgbà lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní inú ilẹ̀ àwọn ni àwọn kọ́ ọ sí. Kì í ṣe dídí omi ni mo ń bá jà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ẹni tó bá dí i jẹ́ kí ti ẹ̀yìn rẹ̀ náà rí ọ̀nà.

Káfíńtà Mákòko:

Ìyẹn ti yé mi wàyí, àbúrò. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó bá dí ojú ọ̀nà ọkọ̀, baálẹ̀ ló máa pè é. Kí Ọlọ́run bá yín dá sí i.

Èrò Ìpakòdó:

Èmi kì í gbé etí omi gan-an, ṣùgbọ́n ojú omi ni mo ń gbà lọ síbi iṣẹ́ láti Ìpakòdó sí Marina. Bàbá mi máa ń sọ nípa ọkọ̀ ojú omi tí ìjọba Jákàńdè gbé wá ní 1983, èyí tí wọ́n pe ọ̀kan ní Bàbá Kékeré, tí wọ́n pe èkejì ní Ìtáfájì. Ọkọ̀ kéékèèké oníke ló pọ̀ jù báyìí, wọn kò sì ní jẹ́ kí ẹ wọ̀ ọ́ láì wọ ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà. Nínú ìrìn àjò yẹn ni mo ti máa ń rí àwọn ọkọ̀ ayanrìn tí ẹ sọ. Awakọ̀ wa máa ń dín ìyára kù bí ó bá ti sún mọ́ wọn, nítorí pé ìgbì tí ọkọ̀ wa ń dá sílẹ̀ lè gbé omi wọ inú ọkọ̀ wọn, ó sì lè yẹ àkàbà mọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo awakọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Àgbà, Ìkòròdú:

Ẹni tó dá ìjíròrò yìí sílẹ̀ sọ pé kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní ìmọ̀ràn kan tí kò ná wa ní ohun púpọ̀. Kí olúkúlùkù wá ohun kan tí kì í kúrò lójú kan ní àdúgbò rẹ̀, bí òpó afárá tàbí ògiri àtijọ́ tí kò rì, kí ó fi ọ̀dà fa ilà sí ibi tí omi dé, kí ó sì kọ ọjọ́ àti wákàtí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ rántí pé omi ọ̀sà ń kún, ó sì ń fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì máa ń kún jù nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tí ó bá di àrànmọ́jú. Bí ẹ bá fa ilà kan nígbà tí omi kún, tí ẹ fa èkejì nígbà tí ó fà, ẹ ó máa rò pé omi ti yí padà nígbà tí kò yí padà. Ìgbà kan náà ni kí ẹ máa yàn.

Ìyá Ẹlẹ́ja Òkóbàbá:

Mo ti fa tèmi ní àárọ̀ yìí, Tíṣà. Ọmọ-ọmọ mi ló bá mi di agolo ọ̀dà mú. Òpó kọnkéré tí a máa ń so ọkọ̀ ẹja mọ́ ni mo lò, ó ti wà níbẹ̀ kí n tó lọ́kọ. Nígbà tí a fọ ewé àti ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò, a bá ojú okùn mẹ́ta tó ti jẹ kọnkéré náà wọlé bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ wà lábẹ́ omi pátápátá, ọwọ́ ni mo fi wá a. Ibẹ̀ ni ìyá mi máa ń so ọkọ̀ mọ́.

Ọmọ Ìlàjẹ Bàrígà:

Màmá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Nígbà tí mo ka ohun tí ẹ kọ, èmi àti ọmọ mi mú ṣọ́bìrì, a sì gbẹ́ iwájú ẹnu ọ̀nà wa. A kan àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ láìpẹ́, a kan èkejì, sìmẹ́ńtì rẹ̀ ṣì dán. Nígbà tí a dé ẹ̀kẹta, omi ti ń rú jáde láti abẹ́ rẹ̀, a sì ní láti dúró. Ọmọ náà jókòó sórí èkejì, ó ti ẹsẹ̀ bọ inú omi náà, ó sì bi mí bóyá ibi tí mo máa ń jókòó sí nìyẹn. Mo sọ fún un pé orí ẹ̀kẹrin ni. A ti bo ihò náà. Tí ó bá di oṣù kejì, tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú omi lọ sísàlẹ̀, a ó tún gbẹ́ ẹ títí a ó fi kan karùn-ún, ibẹ̀ ni n ó sì fa ilà sí.